Wọ́n Ní Kí N Fi Àmì Sí Ẹyọ Kan

Ọmọ oṣù mẹ́fà ni ọmọ mi nígbà tí mo padà sẹ́nu iṣẹ́ ní 2015. Mo ti ń ṣe ọlọ́pàá fún ọdún mẹ́fà nígbà yẹn, ní ìlú ńlá kan lápá àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Mi ò ní dárúkọ ìlú náà, mi ò sì ní dárúkọ ẹnikẹ́ni tí mo bá ṣiṣẹ́ níbẹ̀.

Iṣẹ́ òru ni wọ́n kọ́kọ́ fi mí sí. Ìyá tó bá ti fọ́mọ lọ́mú rí mọ bó ṣe máa ń rí kí ọmú kún kí ọmọ má sì sí nítòsí. Ẹ wá gbé ẹ̀wù tí ọ̀bẹ kì í wọ̀ lé irú ọmú bẹ́ẹ̀. Ẹ̀wù náà le bíi pákó. Àyà ọkùnrin ni wọ́n fi wọ̀n ọ́n kí wọ́n tó rán an, kò sí ibi tí ọmú máa gbà nínú rẹ̀. Tó bá fi máa di aago méjì òru, omi ọmú á ti rin àwọ̀tẹ́lẹ̀ mi gbindin, àyà mi á máa ta mí bíi pé wọ́n fi ata sí i.

Mo lọ bá sájẹ́ǹtì tó ń darí wa. Mo ní mo fẹ́ ogún ìṣẹ́jú péré àti yàrá kan tó ṣeé tì, kí n fún omi ọmú mi. Kì í ṣe èmi ni màá kọ́kọ́ tọrọ rẹ̀. Àwọn obìnrin òyìnbó méjì ti tọrọ rẹ̀ ṣáájú mi, wọ́n sì yọ̀ǹda ọ́fíìsì kan fún wọn. Ó wò mí láti òkè délẹ̀, ó bú sẹ́rìn-ín. Ó ní, "Àwọn obìnrin yín nílé, ṣebí ṣe ni wọ́n ń pọnmọ lọ sóko? Mo rò pé ẹ̀yin le jù báyìí lọ."

Ọkùnrin mẹ́rin ló wà níbẹ̀. Mẹ́ta rẹ́rìn-ín. Ẹnì kẹrin, aláwọ̀ dúdú bíi tèmi, wolẹ̀.

Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ àwọn aláàbọ̀ ara ni mo ti fún omi ọmú náà. Mo jókòó lórí ìdérí rẹ̀, rédíò èjìká mi ń sọ̀rọ̀, ẹnì kan ń kan ilẹ̀kùn. Mo fún un sínú ife tíì, mo sì dà á nù sínú agbada ìfọwọ́, torí kò sí bí mo ṣe lè gbé ohun tí mo fún nínú ilé ìgbọ̀nsẹ̀ lọ fún ọmọ mi. Mi ò sunkún. Ohun tó ń dùn mí títí dòní ni pé mi ò sunkún, torí ṣe ni mò ń gbìyànjú láti jẹ́ ohun tó pè mí: ẹni tó le.

Kí ni mo wá lọ ṣe níbẹ̀? Ọmọ Ìbàdàn ni mí. Òkè-Àdó la gbé kí màmá mi tó mú mi wá sí ilẹ̀ yìí ní 1996, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí. Ní 1999, èmi àti màmá mi jókòó síwájú tẹlifíṣọ̀n, à ń wo ìyá kan tó ń jẹ́ Doreen Lawrence. Ní April 1993 ni àwọn ọmọkùnrin òyìnbó gún ọmọ rẹ̀, Stephen, lọ́bẹ pa ní ibùdókọ̀ bọ́ọ̀sì ní Eltham, ní Lọ́ńdọ̀nù. Ọmọ ọdún 18 ni. Ọdún mẹ́fà gbáko kọjá kí adájọ́ kan tó ń jẹ́ Macpherson tó gbé ìwé jáde pé ẹlẹ́yàmẹ̀yà ti wọ inú ètò àwọn ọlọ́pàá Lọ́ńdọ̀nù fúnra rẹ̀, pé kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnì kan méjì tó burú láàárín wọn. Àbá 70 ló dá. Ọ̀kan pàtàkì nínú rẹ̀ ni pé kí wọ́n gba àwọn tí kì í ṣe òyìnbó sí iṣẹ́ ọlọ́pàá sí i. Èmi ọmọ ọdún méjìlá gbọ́ ọ bí ẹni pé èmi ni wọ́n ń pè.

Nígbà tí mo sọ fún màmá mi lẹ́yìn náà pé mo ti gba fọ́ọ̀mù, ó gbé síbí ọbẹ̀ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ sílẹ̀. "Ọlọ́pàá kẹ̀? Mórẹ́nikẹ́, ṣé o ti gbàgbé àwọn tó ń gba ogún náírà lọ́wọ́ dẹ́rẹ́bà ní Ìwó Road ni?" Mo ní, "Màámi, ti òyìnbó yàtọ̀." Ó wò mí fún ìgbà díẹ̀. Ó ní, "Kí Ọlọ́run ṣọ́ ẹ."

Lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́ ni wọ́n ti gba orúkọ tó fi ń pè mí yẹn lọ́wọ́ mi. Ẹni tó ń pe orúkọ wa lówùúrọ̀ dé orí tèmi, ó dákẹ́, ó ní èyí máa pẹ́ jù, Nikki la ó máa pè ọ́. Kò bi mí. Ó dà bí ohun kékeré, mo sì gbà á bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n orúkọ tí wọ́n sọ mí ní ìtumọ̀: ẹni tí màmá mi máa kẹ́ ni ó rí. Fún ọdún mọ́kànlá, ibi iṣẹ́ ni mo ti jẹ́ ẹni tí kò sẹ́ni tó kẹ́ ẹ.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ìyà náà ṣe máa ń rìn, torí kì í fi gbogbo ìgbà wá bí èébú. Òfin ilẹ̀ yìí, èyí tí wọ́n ṣe ní 1984 lórí agbára ọlọ́pàá, sọ pé bí a bá máa yẹ ara obìnrin wò kọjá aṣọ òkè, obìnrin ló gbọ́dọ̀ ṣe é. Òfin tó dáa ni. Ṣùgbọ́n obìnrin ò pọ̀ nínú ẹgbẹ́ wa, nítorí náà, ìgbàkígbà tí wọ́n bá mú obìnrin wá sí téṣàn, wọ́n á pè mí. Màá fi fáìlì tó wà níwájú mi sílẹ̀, màá lọ. Tí ìdílé aláwọ̀ dúdú kan bá wà nínú ọ̀fọ̀, wọ́n á tún pè mí, torí wọ́n ní èmi ni màá mọ ohun tí wọ́n fẹ́ gbọ́. Tí wọ́n bá fẹ́ ya fọ́tò tí wọ́n máa lẹ̀ mọ́ ara bọ́ọ̀sì láti fi pe àwọn ènìyàn wá síṣẹ́, èmi náà ni. Ìparí ọdún á dé, wọ́n á ṣí ìwé mi, wọ́n á ní fáìlì mi ń pẹ́. Òótọ́ ni, ó ń pẹ́. Kò síbi tí wọ́n ti kọ ọ́ pé mo lo wákàtí mẹ́rin ní àgbàlá ìdílé tí ọmọ wọn kú. Àwọn tí kò kúrò lórí àga wọn ni fáìlì tiwọn tètè parí, àwọn ló sì gba ìgbéga.

Ní 2013, wọ́n pè mí sí yàrá ìsàlẹ̀. Ọmọbìnrin dúdú kan ni wọ́n mú wá, ọmọ ọdún 16, wọ́n ní àwọn gbọ́ òórùn igbó lára rẹ̀. Wọ́n ní kí n bọ́ aṣọ rẹ̀ kí n yẹ̀ ẹ́ wò. Mo bi wọ́n pé àgbà wo ló wà pẹ̀lú rẹ̀, torí òfin ní ọmọdé ò gbọ́dọ̀ dá wà níbi irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Kò sí. Ìyá rẹ̀ ńkọ́? Wọn ò tíì pè é. Mo ní mi ò ní fọwọ́ kàn án títí ìyá rẹ̀ á fi dé. Ọ̀gá náà ní ọmọ yẹn kì í ṣe ọmọdé, ẹ wo bó ṣe tóbi. Mo wo ọmọ náà. Ó so àpò ìwé rẹ̀ mọ́ àyà, èékánná rẹ̀ kan ti ya, ó ń fi eyín gé e. Ọmọdé ni. Ìyá rẹ̀ dé lẹ́yìn wákàtí kan, pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì lọ́rùn. Wọn ò rí nǹkan kan lára ọmọ yẹn. Èmi ni wọ́n wá kọ̀wé sí pé mo ń fa iṣẹ́ sẹ́yìn.

Mo rántí rẹ̀ nígbà tí ìròyìn jáde ní March 2022 nípa ọmọbìnrin dúdú ọlọ́dún 15 kan ní Hackney, ní Lọ́ńdọ̀nù. Child Q ni wọ́n ń pè é kí wọ́n má bàa dárúkọ rẹ̀. Ní December 2020, àwọn obìnrin ọlọ́pàá bọ́ ọ síhòòhò nílé ẹ̀kọ́ rẹ̀, ó ń ṣe nǹkan oṣù lọ́wọ́, àgbà kankan ò sí níbẹ̀, wọn ò sì rí igbó tí wọ́n ní àwọn ń wá. Méjì nínú àwọn ọlọ́pàá tọ́rọ̀ kàn pàdánù iṣẹ́ wọn ní 2025. Mo máa ń rò ó pé obìnrin ló ṣe é. Ìgbà kan wà tí mo gbà pé bí obìnrin bá ti pọ̀ nínú iṣẹ́ náà, gbogbo rẹ̀ á rọ̀. Ọ̀rọ̀ Child Q mú èrò yẹn kúrò lọ́kàn mi. Ẹni tó lè wo ọmọ dúdú kó má rí ọmọdé, aṣọ obìnrin tó wọ̀ ò ní kó rí i.

Alẹ́ Sátidé kan wà tí mi ò lè gbàgbé. Aládùúgbò kan ló pè wá, ó ní òun gbọ́ igbe. Èmi àti ọ̀dọ́mọkùnrin òyìnbó kan la lọ. Màmá àgbàlagbà kan ló ṣílẹ̀kùn, ó ró ìró àdìrẹ, ó fi ìborùn bo apá kan ojú rẹ̀. Ẹnì kejì mi ń bi í ní ìbéèrè lédè Gẹ̀ẹ́sì, màmá ń mi orí, ó ń tún un sọ pé kò sí wàhálà, kò sí wàhálà. Mo gbọ́ ohùn yẹn, mo mọ ibi tó ti wá. Kí n tó mọ ohun tí mò ń ṣe, orúnkún mi ti kanlẹ̀, tòun ti ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ àti kóńdó tó wà nídìí mi.

"Ẹ kú alẹ́ mà."

Ìborùn ṣí kúrò lójú rẹ̀. Ojú náà ti wú. "Ṣé ọmọ Yorùbá ni yín ni?"

"Bẹ́ẹ̀ ni mà. Ọmọ Ìbàdàn ni mí. Mórẹ́nikẹ́ lorúkọ mi."

Ó di apá mi mú, ó fà mí dìde. "Mórẹ́nikẹ́, dìde ọmọ mi. Ilẹ̀ yìí ò dáa láti kúnlẹ̀ sí, wọ́n ti lu èmi lórí rẹ̀."

Ó sọ gbogbo rẹ̀. Ó wá bá ọmọ rẹ̀ wẹ ọmọ tuntun ni, ọkọ ọmọ rẹ̀ ló lù ú nígbà tó ní kó má lu ọmọ òun mọ́. Ọjọ́ tí ìwé ìrìnnà rẹ̀ máa parí ti súnmọ́, ó ń bẹ̀rù pé bí òun bá sọ̀rọ̀, wọ́n á fi pá dá òun padà sílé. Mi ò lè sọ fún un pé ìbẹ̀rù rẹ̀ ò nídìí. Ní 1993, ọlọ́pàá àti àwọn tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ìwọ̀lú lọ bá obìnrin Jàmáíkà kan, Joy Gardner, nínú ilé rẹ̀ ní àríwá Lọ́ńdọ̀nù láti dá a padà sílé. Wọ́n fi téèpù tó gùn tó ẹsẹ̀ bàtà 13 di ẹnu àti orí rẹ̀, ọmọ rẹ̀ kékeré sì wà nínú ilé náà. Ó kú. Kò sí ẹni tó ṣẹ̀wọ̀n.

Wọ́n mú ọkùnrin tó lu màmá lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Ẹjọ́ náà dúró dáadáa nílé ẹjọ́ torí pé màmá sọ̀rọ̀, ó sì sọ̀rọ̀ torí pé ó rí ọmọ tó kí i. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀lé e, wọ́n pè mí sí ọ́fíìsì. Wọ́n ní ìkúnlẹ̀ mi tẹ́ aṣọ ọlọ́pàá, pé mo ti súnmọ́ aráàlú jù. Wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé mi. Lóṣù yẹn kan náà, ọkùnrin òyìnbó kan nínú wa jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ pẹ̀lú ọmọdé kan níbi tí ọkọ̀ ti forí gbárí, wọ́n gbóríyìn fún un níwájú gbogbo wa. Inú mi dùn fún un, torí ohun tó yẹ ló ṣe.

Òde náà ò sì tù mí lára. Àwọn ọmọkùnrin wa ládùúgbò máa ń pè mí ní ọ̀dàlẹ̀. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, ìyá kan sọ ọ́ sí mi létí lẹ́yìn ìsìn pé, "Ìwọ lò ń bá wọn mú àwọn ọmọ wa." Mi ò dá a lóhùn. Wọ́n ti dá ọmọkùnrin rẹ̀ dúró lójú títì ní ìgbà mẹ́sàn-án lọ́dún yẹn.

Mo padà sórí ọ̀rọ̀ omi ọmú, torí òun ni mo torí rẹ̀ jókòó kọ èyí.

Mo kọ ìwé ẹ̀sùn. Fọ́ọ̀mù náà ní ibi tí èèyàn ti máa fi àmì sí ohun tí wọ́n fi fìyà jẹ ẹ́: àwọ̀ tàbí ẹ̀yà lápá kan, jíjẹ́ obìnrin tàbí ọkùnrin lápá kejì, àti àwọn mìíràn nísàlẹ̀. Mo fi àmì sí méjèèjì. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́wàá, ó padà wá, pẹ̀lú ìwé pélébé tí wọ́n fi pín-ìn-nì so mọ́ ọn pé kí n mú ẹyọ kan tó jẹ́ gbòǹgbò ọ̀rọ̀ mi. Mo jókòó tì í nínú kíṣìnì mi lóru, mò ń wò ó. Gbólóhùn tí ọkùnrin yẹn sọ fún mi, ṣé torí mo dúdú ni tàbí torí mo jẹ́ obìnrin? Kò lè sọ ọ́ fún obìnrin òyìnbó. Kò lè sọ ọ́ fún ọkùnrin dúdú. Èmi nìkan ló lè sọ ọ́ fún. Tí mo bá yọ apá kan kúrò, gbólóhùn náà ò ní ìtumọ̀ mọ́.

Mo fi àmì sí àwọ̀, torí pé ìyẹn ló kọ́kọ́ wà lórí ìwé náà.

Èsì tí wọ́n fún mi lẹ́yìn oṣù mẹ́rin kò gùn. Wọ́n ní ẹlẹ́yàmẹ̀yà kọ́, torí pé wọ́n ti gbé ọkùnrin dúdú kan ga nínú ẹgbẹ́ wa lọ́dún yẹn. Wọ́n ní bí mo bá tiẹ̀ fẹ́ sọ pé nítorí mo jẹ́ obìnrin ni, obìnrin méjì ti gba yàrá ṣáájú mi, kò sì sẹ́ni tó dí wọn lọ́wọ́. Ọkùnrin dúdú tí wọ́n gbé ga yẹn náà ni ẹni tó wolẹ̀ lóru ọjọ́ náà. Mo ti bẹ̀ ẹ́ kó jẹ́rìí, ó ní òun ò rántí. Mo bínú sí i fún ìgbà pípẹ́. Ṣùgbọ́n gbogbo alángbá ló da ikùn délẹ̀, a ò mọ èyí tí inú ń run. Èmi náà ti wolẹ̀ rí, nígbà tí wọ́n ń fi ohùn rẹ̀ ṣe ẹlẹ́yà níwájú mi.

Ìgbà yẹn ni mo tó lọ rí lọ́yà. Obìnrin ni, ó jẹ́ kí n sọ gbogbo rẹ̀ tán. Ohun àkọ́kọ́ tó bi mí ni ọjọ́ tí ọ̀rọ̀ náà ṣẹlẹ̀. Nígbà tí mo dá a lóhùn, ó dijú. Nígbà tèmi, ẹni tó bá fẹ́ gbé irú ẹjọ́ yìí lọ síwájú ilé ẹjọ́ òṣìṣẹ́ ní oṣù mẹ́ta ó dín ọjọ́ kan, láti ọjọ́ tí nǹkan náà ṣẹlẹ̀. Mo ti rò pé níwọ̀n ìgbà tí ẹ̀sùn mi ṣì wà lọ́wọ́ wọn nínú iṣẹ́, aago ò rìn. Ó ń rìn ní gbogbo ìgbà náà. Oṣù mẹ́rin ni wọ́n fi dá mi dúró, ọ̀nà sì ti dí. Kò sẹ́ni tó sọ fún mi, bẹ́ẹ̀ ni kò sí nínú fọ́ọ̀mù wọn. Èyí ni mo máa ń sọ fún gbogbo obìnrin tó bá bi mí léèrè, kí n tó sọ ohunkóhun mìíràn.

Lọ́yà yẹn ò lè gba ẹjọ́ mi là, ṣùgbọ́n ó fún mi ní ohun kan. Ó sọ ìtàn àwọn obìnrin dúdú márùn-ún tó pe ilé iṣẹ́ mọ́tò General Motors lẹ́jọ́ ní St. Louis, ní Amẹ́ríkà. Emma DeGraffenreid ni orúkọ ọ̀kan nínú wọn. Ilé iṣẹ́ náà ò gba obìnrin dúdú kankan ṣáájú 1964. Nígbà tí ọjà wá dẹnu kọlẹ̀, wọ́n ní àwọn tó dé kẹ́yìn ni kó kọ́kọ́ lọ, àwọn obìnrin dúdú sì lọ. Ní 1976, ilé ẹjọ́ ní ilé iṣẹ́ náà ti ń gba obìnrin síṣẹ́ tipẹ́, kò sì lè jẹ́ kí wọ́n da ẹjọ́ obìnrin àti ẹjọ́ aláwọ̀ dúdú pọ̀ di ẹyọ kan. Òyìnbó ni àwọn obìnrin tí ilé ẹjọ́ ń wí. Nígbà tó sọ ọ́ dé ibẹ̀, mo gbá tábìlì rẹ̀. Èsì tèmi gan-an nìyẹn, ní nǹkan bí ogójì ọdún lẹ́yìn náà, ní ìlú mìíràn.

Ó ní ní 1989, ọ̀mọ̀wé obìnrin dúdú kan, Kimberlé Crenshaw, fi oríta ṣàlàyé rẹ̀. Ọkọ̀ ń bọ̀ láti ọ̀nà yìí, ọkọ̀ ń bọ̀ láti ọ̀nà tọ̀hún, ẹni tó dúró ní àárín oríta ni méjèèjì lè gbá. Yorùbá ni mí, kò sẹ́ni tó máa ṣàlàyé oríta fún mi. A mọ̀ pé oríta jẹ́ ibi tó dá dúró láàyè ara rẹ̀, kì í ṣe ọ̀nà kan, kì í ṣe ọ̀nà kejì.

Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pàápàá mọ̀ ọ́n. Òfin ìdọ́gba tí wọ́n ṣe ní 2010 ní abala kan, ìkẹrìnlá, tó sọ pé ènìyàn lè pẹjọ́ lórí ìdí méjì tí wọ́n so pọ̀. Wọ́n kọ ọ́, wọ́n buwọ́ lù ú, ìjọba tó dé lẹ́yìn náà ní àwọn ò ní lò ó. Ó wà nínú ìwé bẹ́ẹ̀, bí ilẹ̀kùn tí wọ́n yà sára ògiri.

Kò tíì pé oṣù méjì tí èsì mi dé tí wọ́n fi gbé ẹ̀sùn tèmi jáde. Wọ́n ní mo wo orúkọ kan nínú kọ̀ǹpútà láìní ìdí tó yè kooro. Orúkọ màmá tí wọ́n lù yẹn ni, mo fẹ́ mọ̀ bóyá ọkùnrin náà ti jáde lẹ́wọ̀n. Oṣù méje ni wọ́n fi tú inú ìwé mi wò, wọn ò rí nǹkan kan, wọ́n sì pa ọ̀rọ̀ náà tì. Mo rò pé èmi nìkan ni. Àfìgbà tí Louise Casey tí wọ́n ní kó wo inú iṣẹ́ ọlọ́pàá Lọ́ńdọ̀nù gbé ìwé àkọ́kọ́ rẹ̀ jáde ní October 2022, tí mo kà á níbẹ̀ pé bí a bá fi ọlọ́pàá dúdú wé òyìnbó níbẹ̀, ti dúdú fi ìdá 81 nínú ọgọ́rùn-ún ju ti òyìnbó lọ láti ko sínú irú ẹ̀sùn bẹ́ẹ̀. Mo ti kúrò lẹ́nu iṣẹ́ nígbà náà. Mo gbé ìwé náà sílẹ̀, mo jáde lọ dúró sí ọgbà ẹ̀yìn ilé mi.

Ìwé rẹ̀ kejì, ti March 2023, ju ojú ewé 360 lọ. Mo kà á tán láàárín alẹ́ mẹ́rin. Ó ní ìdá 82 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn ọlọ́pàá náà jẹ́ òyìnbó, ìdá 71 sì jẹ́ ọkùnrin. Ó tún kọ nípa àwọn fíríìjì tí wọ́n ń kó ẹ̀rí àwọn obìnrin tí wọ́n fipá bá lò pọ̀ sí: wọ́n kún jù, wọ́n ti bàjẹ́, ẹnì kan gbé oúnjẹ ọ̀sán rẹ̀ sínú ọ̀kan nínú wọn. Níbi fíríìjì yẹn ni mo ti wá sunkún tí mi ò sun ní 2015. Mo mọ bí ó ṣe rí láti jókòó ti obìnrin kan nígbà tí wọ́n ń gba ẹ̀rí yẹn lára rẹ̀. Mo mọ iye ìgbà tí mo sọ fún wọn pé a ó tọ́jú rẹ̀ dáadáa.

Màmá mi bi mí ní 2020, nígbà tí mo sọ pé mo fẹ́ fi iṣẹ́ náà sílẹ̀, bóyá màá padà sílé lọ ṣe ti ibẹ̀. Mi ò rò pé ó mọ ohun tó ń sọ. Láti 1955 ni obìnrin ti ń ṣe ọlọ́pàá ní Nàìjíríà. Síbẹ̀, ní 2021, wọ́n lé kọ́ńsítébù obìnrin kan ní Èkìtì torí pé ó lóyún láìtíì lọ́kọ, wọ́n sì fi Ìlànà 127 nínú ìwé òfin iṣẹ́ ọlọ́pàá gbe ìpinnu wọn lẹ́yìn. Ìgbà kan tún wà tí Ìlànà 124 ní kí obìnrin ọlọ́pàá gba àṣẹ lọ́wọ́ ọ̀gá kó tó fẹ́ ẹni tó wù ú. Níbẹ̀ yẹn, àwọ̀ mi ò ní jẹ́ ìṣòro. Oyún mi ló máa jẹ́.

June ọdún 2020 yẹn náà ni wọ́n pa tẹ̀gbọ́n tàbúrò kan, Bibaa Henry àti Nicole Smallman, nínú ọgbà ìgbafẹ́ kan ní Wembley. Àwọn ẹbí àti ọ̀rẹ́ wọn ló wá wọn rí fúnra wọn. Ọlọ́pàá méjì tí wọ́n fi ṣọ́ òkú wọn ya òkú náà ní fọ́tò, wọ́n sì fi ránṣẹ́ sí àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn lórí WhatsApp. Wọ́n rán wọn lẹ́wọ̀n ọdún méjì àti oṣù mẹ́sàn-án ní 2021. Kò sí ibi tí mo ti lè fi àmì sí ẹyọ kan lórí ìyẹn náà.

Ní báyìí, mo máa ń bá àwọn obìnrin tó fẹ́ kọ ẹ̀sùn jókòó. Ọmọbìnrin kan pè mí lọ́sẹ̀ tó kọjá, ará Ìjẹ̀bú ni àwọn òbí rẹ̀, ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀ ló máa bẹ̀rẹ̀ ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ọlọ́pàá. Ó ní, "Àǹtí, ṣé kí n má lọ ni?" Mi ò ní kó má lọ. Mo rántí màmá tó ṣílẹ̀kùn lálẹ́ Sátidé yẹn, mi ò lè ní kó má lọ. Mo ní kó béèrè ẹ̀wù tí wọ́n rán fún obìnrin kí wọ́n tó fún un ní èyíkéyìí, kó má gbà kí wọ́n ní kó fara mọ́ ọn. Mo ní kó gbé fìlà wọn wò lórí irun tó dì, kì í ṣe kó gé irun torí fìlà. Mo ní kó ra ìwé kékeré tirẹ̀, kó máa kọ ọjọ́, aago, ẹni tó wà níbẹ̀ àti gbólóhùn tí wọ́n sọ gan-an sínú rẹ̀ kó tó sùn, kó má kọ ọ́ sínú kọ̀ǹpútà wọn. Mo ní kó ka oṣù mẹ́ta láti ọjọ́ tí nǹkan bá ṣẹlẹ̀, kó má dúró de èsì ẹnikẹ́ni.

Mo bi í pé kí lorúkọ tó máa sọ fún wọn lọ́jọ́ Ajé. Ó ní, "Wọ́n ní Ṣọlá rọrùn fún wọn." Mo ní kó pe orúkọ rẹ̀ fún mi bí ìyá rẹ̀ ṣe ń pè é. Ó pè é. Mo ní kó tún un pè, kó pè é sókè dáadáa. Ó tún un pè.